Kòrò wà láàárín ojú irin méjì, síbẹ̀ tírélà ló ń fọ́ ọ̀nà

Ẹ bá wa dúró ní Kòrò ná, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹni tó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn níbẹ̀, ojú irin tó máa kàn níwájú ni ti Ọ̀fà, èyí tó ń bọ̀ láti Èkó tó sì kọjá lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bà. Bó bá yíjú padà sí ìlà-oòrùn, tó darí díẹ̀ sí gúúsù, ti Itakpe ní ìpínlẹ̀ Kogi ló máa kàn. Kò sí èyí tó wà nítòsí nínú méjèèjì. Ará Kòrò, Ọ̀sì, Ìlọ́fà tàbí Ẹrúkù tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ mọ́tò.

Ohun tó tún wá burú ju pé wọ́n jìnnà lọ ni pé ojú irin méjèèjì kò bára tan. Ti Ọ̀fà, tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe, fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, ìyẹn mílímítà 1,067. Ti Itakpe fẹ̀ ní mílímítà 1,435. Orí ọkọ̀ tó ń sáré lórí ọ̀kan kò lè gun èkejì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ẹrù tó ń fà náà. Ká tiẹ̀ wá rí ẹni tó fi irin so Itakpe pọ̀ mọ́ Ọ̀fà lónìí, bí kò bá ronú sí ọ̀rọ̀ fífẹ̀ yìí, ibì kan ṣá ni wọ́n ti máa já gbogbo ẹrù sílẹ̀ kí wọ́n tó tún un dì.

Kóòlù, ìyẹn èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wá. Kóòlù ló gbé ojú irin àtijọ́ ró, nítorí kóòlù àti irin ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ tuntun, kóòlù náà sì tún ti ń jáde nínú ilẹ̀ Kogi báyìí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kọ́ ló ń gbé e. Tírélà ni. Báwo ló ṣe dà bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tẹ́ ẹ ti wọ rélùwéè nígbà tó ṣì ń ru èéfín mọ apá kan ìtàn yìí ju èmi tí mò ń kọ ọ́ lọ, torí wọn ò tíì bí mi nígbà náà. Ṣùgbọ́n apá kejì rẹ̀ ṣì wà níwájú gbogbo wa.

Ọdún 1909 ni wọ́n rí kóòlù ní Údì, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó wá di ìlú Enugu. Ní 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Ojú irin tí wọ́n fà láti Port Harcourt dé Enugu, torí kóòlù yìí ni wọ́n ṣe fà á, kódà torí rẹ̀ náà ni wọ́n ṣe dá èbúté Port Harcourt sílẹ̀. Ní 1916, kóòlù ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí etí òkun. Nígbà tó yá, irin náà gba Makurdi kọjá, ó sì lọ pàdé ti ìwọ̀-oòrùn ní Kaduna. Nígbà tí wọ́n fi máa parí afárá odò Benue ní 1932, kò sí omi tó tún lè dá ọkọ̀ dúró láàárín Enugu àti Kaduna mọ́.

Ojú irin Èkó ti dé Ìbàdàn láti 1901, ó sì ti dé Ìlọrin ní 1908. Kóòlù Enugu ló wá di oúnjẹ àwọn ẹ̀rọ tó ń sáré lórí gbogbo wọn. Iṣẹ́ ńlá ni bíbọ́ ẹ̀rọ náà. Ẹnì kan á máa wà á, ẹlòmíràn á máa fi ṣọ́bìrì kó kóòlù sínú iná, omi á máa hó nínú ìgbá irin gbọọrọ, ooru omi náà á sì máa ti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kò lè jìnnà kó má dúró bu omi. Lára àwọn tó pẹ́ jù lójú irin wa ni irú èyí tí wọ́n ń pè ní River, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún Nàìjíríà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ó dára débi pé nígbà tí Kenya, Uganda àti Tanganyika fẹ́ ra tiwọn, àpẹẹrẹ tiwa ni wọ́n tẹ̀ lé.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ Èkìtì yìí jìnnà sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Agbẹ́gilére Ọ̀sì nì, Àrẹ̀ógún, tó kú ní 1954, gbẹ́ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ sára ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn jagunjagun àti olórìṣà. Ojú àwọn ènìyàn ti ń là sí ẹ̀rọ nígbà náà.

Kí ló wá gba ọjà lọ́wọ́ kóòlù? Ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ẹ́ńjìnnì tírélà ṣe ń wa táyà náà ni ti ọkọ̀ ojú irin ṣe ń wa ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ, ẹ́ńjìnnì náà kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ rárá. Jẹnẹrétọ̀ ló ń yí. Iná mànàmáná tó bá jáde lára jẹnẹrétọ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn mọ́tọ̀ kéékèèké tó wà lára ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀, àwọn yẹn ló sì ń wọ́ ọ. Ẹni tó bá ti rí jẹnẹrétọ̀ tó ń yí ẹ̀rọ ìlọta ní abúlé ti lóye rẹ̀ dé ìdajì. Ẹ̀rọ yìí kò nílò omi ní gbogbo ibùdókọ̀. Ó ń dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nígbà tí ti kóòlù ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí omi rẹ̀ tó hó. Kò sì nílò ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì ṣiṣẹ́.

Nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ dé, kálukú ló ń dán tirẹ̀ wò. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí ẹni tó bá rí wọn á yanu. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ojú irin kan wà tó ń jẹ́ Virginian, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa kó kóòlù láti orí òkè West Virginia lọ sí etí òkun ní Norfolk. Ní 1954, ó ra ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ Fairbanks-Morse ṣe. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ló wà nínú rẹ̀. Inú ihò kan náà ni písítìnì méjì ti ń kojú ara wọn, ọ̀kan láti òkè, èkejì láti ìsàlẹ̀, iná á sì là láàárín wọn. Lójú omi, ó ṣiṣẹ́ bí idán. Lórí irin, àwọn mẹkáníìkì kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí bí písítìnì ìsàlẹ̀ bá bàjẹ́, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ tú gbogbo irin ńlá tó wà lókè kúrò. Ọdún 1959 ni iléeṣẹ́ aládùúgbò rẹ̀ tó jù ú lọ, Norfolk and Western, gbé Virginian mì.

Ìtàn Norfolk and Western yẹn gan-an ló yẹ kí ará Enugu gbọ́. Kóòlù ni òun náà ń gbé, kóòlù ló ń sọ ọ́ di olówó, ó sì búra pé kóòlù ni òun máa máa fi sáré. Gbogbo àwọn ńlá yòókù ní Amẹ́ríkà ti yí sí dísẹ́ẹ̀lì, òun ṣì ń ṣe ẹ̀rọ oníkóòlù tuntun fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di 1960, òun náà ti juwọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, dísẹ́ẹ̀lì ló ń fa kóòlù lọ sí ọjà, bí ìgbà tí alátakò bá ń ru ẹrù ẹni.

Ní Áfíríkà, ọ̀rọ̀ náà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Irin tí wọ́n tẹ́ síbí kò nípọn tó ti Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó bá wúwo jù á fọ́ ọ. Nítorí èyí, nígbà tí English Electric ṣe ẹ̀rọ 10 fún East African Railways ní 1960, ọ̀pá ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ń wọ́ ọkọ̀, méjì tó kù kò ṣe iṣẹ́ mìíràn ju pé kí wọ́n bá wọn pín ẹrù gbé kí irin lè rí èémí. Mo fi èyí kún un nítorí pé ẹni tó bá ń sọ pé ojú irin àtijọ́ wa kò lágbára mọ́, kó rántí pé ọgbọ́n tí wọ́n ń ta sí i ti wà láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní Nàìjíríà, àárín 1950 sí 1960 ni dísẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àsìkò tí àwọn awakùsà Enugu ṣì ń sunkún ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá amúnisìn yìnbọn fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jà fún owó wọn ní Iva Valley, ènìyàn 21 ló kú. Ìjà náà wọ inú ìjà òmìnira. Kóòlù Enugu ṣì lọ sókè lẹ́yìn ìyẹn, ó tó bíi 900,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún ní nǹkan bí 1958 sí 1959. Òkè náà kò tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Wọ́n ti rí epo ní Oloibiri ní 1956. Rélùwéè tó jẹ́ oníbàárà àkọ́kọ́ ń yí sí dísẹ́ẹ̀lì. Ogun abẹ́lé dé ní 1967, ó ti ihò kùsà pa. Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa ní iná láti inú omi ní 1968. Nígbà tí ogun parí ní 1970, kóòlù padà sí ọjà, ó rí i pé àwọn oníbàárà òun ti rí ẹlòmíràn rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Zimbabwe wé e. Àwọn yẹn ní kóòlù ní Hwange, wọn kò ní epo. Nígbà tí epo wọ́n wọn ní nǹkan bí 1980, ńṣe ni wọ́n tún àwọn ẹ̀rọ oníkóòlù ńlá tí wọ́n ń pè ní Garratt ṣe, wọ́n sì dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Nàìjíríà ní méjèèjì, ó sì mú epo. Èmi kò rò pé ẹnikẹ́ni ṣàṣìṣe nínú mímú dísẹ́ẹ̀lì, nítorí gbogbo ayé ló mú un. Ibi tí mo ti rí àṣìṣe ni pé nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kò ra kóòlù mọ́, kò sẹ́ni tó wá ẹrù mìíràn fún un gbé. Ojú irin tí kò bá ní ẹrù tó ń gbé déédéé, owó èrò nìkan kò lè bọ́ ọ.

Ti Itakpe yàtọ̀, nítorí ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ rò kí wọ́n tó ro èrò. Nígbà tí wọ́n gbé iléeṣẹ́ irin Ajaokuta kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Soviet, abẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara ni ilẹ̀ náà wà. Ọdún 1991 ni wọ́n tó yọ Kogi jáde. Ètò náà ni pé kí irin tútù máa kúrò ní Itakpe lọ sí Ajaokuta àti sí iléeṣẹ́ irin tó wà ní Aladja nítòsí Warri, kí kóòlù tó yẹ fún sísun irin sì máa gba etí òkun Warri wọlé padà sí Ajaokuta. Kóòlù Enugu kò ṣe é fi yọ́ irin, irú rẹ̀ yàtọ̀. Ní 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin náà. Ìgbà tí Ààrẹ Buhari fi máa ṣí i ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti di ẹni ọdún 33. Ó gùn tó 320 kìlómítà ó lé díẹ̀. Ibùdókọ̀ Itakpe ni wọ́n fi orúkọ Adamu Attah sọ, ẹni tó jẹ́ gómìnà Kwara láti 1979 sí 1983.

Ajaokuta kò tíì yọ́ irin títí di àsìkò tí a ń kọ èyí. Èrò ni wọ́n fi ojú irin náà gbé jù, kì í ṣe kóòlù, kì í ṣe irin tútù bí wọ́n ṣe pète rẹ̀.

Kóòlù tó ń jáde báyìí ńkọ́? Ìhà Ankpa ní Kogi kan náà ló wà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Niger Delta ń ba ọ̀pá gáàsì jẹ́ ní 2016, iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Obajana rí i pé òun kò lè gbẹ́kẹ̀ lé gáàsì nìkan, ló bá yíjú sí kóòlù abẹ́lé. Láti ìgbà náà ni tírélà ti ń gbé e. Àwa ará Kwara kì í rí kóòlù náà, ṣùgbọ́n à ń rí ọmọ rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi kóòlù sun ló ń gba Kàbbà, Ẹ̀gbẹ̀ àti Ẹrúkù bọ̀ lọ́nà Òmù-Àràn àti Ìlọrin, lórí tírélà, lórí ọ̀nà tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbà á mọ̀ bó ṣe rí. Iléeṣẹ́ náà fi kankéré ṣe ọ̀nà Obajana sí Kàbbà, kìlómítà 43, ìjọba sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó orí rẹ̀. Ibi tí kankéré bá parí sí ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní orí ọkọ̀ ojú irin kan fa ọkọ̀ ẹrù 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé 40 tọ́ọ̀nù. 800 tọ́ọ̀nù nìyẹn, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kan àti òṣìṣẹ́ díẹ̀. Bí tírélà kan bá gbé 30 tọ́ọ̀nù, tírélà 27 ni yóò gbé iye kan náà, dírẹ́fà 27, ẹ́ńjìnnì 27, pẹ̀lú gbogbo táyà tó ń lọ ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń san owó àtúnṣe ọ̀nà ló yẹ kó ka ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn kan máa sọ pé ojú irin tóóró ti Ọ̀fà kò lè gbé ẹrù ńlá, pé òun ló fà á. Èmi kò gbà. Ojú irin tí wọ́n fi ń kó kóòlù láti Moatize ní Mozambique, tó gba Malawi kọjá lọ sí èbúté Nacala, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 900, mílímítà 1,067 kan náà ló fẹ̀, ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì ló sì ń fà á. Ti Richards Bay ní South Africa, tó jẹ́ fífẹ̀ kan náà, ọkọ̀ ẹrù 200 ló ń so mọ́ra lẹ́ẹ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná mànàmáná ló ń wọ́ ọ. Ohun tí wọ́n ní tí Ọ̀fà kò ní ni irin tó nípọn, afárá tó le, àti oníbàárà tó ń kó ẹrù wá lójoojúmọ́.

Ohun kan ti yí padà o. Tẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló láṣẹ lórí rélùwéè. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin tó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ náà lè ṣe òfin lórí rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe tiwọn. Èkó kò dúró de ìyẹn pàápàá. Ní 2022, ó lọ ra ọkọ̀ Talgo tí wọ́n ṣe fún ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, tí àwọn oníǹkan kò lò. Owó Kwara kì í ṣe ti Èkó, a mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó tún sọ pé kí Kwara, Kogi àti Èkìtì má jọ jókòó sórí ọ̀rọ̀ ojú irin kan tí yóò gba ilẹ̀ wọn kọjá.

Bí wọ́n bá máa jókòó, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí wọ́n má ṣe fi kóòlù nìkan gbé ìṣirò wọn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń dín kóòlù kù nítorí èéfín rẹ̀, iléeṣẹ́ tó yí sí kóòlù ní 2016 sì tún lè yí padà bí gáàsì bá dúró déédéé. A ti rí i lára Enugu bí oníbàárà kan ṣoṣo ṣe máa ń lọ láì sọ fún ni. Sìmẹ́ǹtì, iṣu, gbágùúdá, igi àti irin ló yẹ kó wà nínú ìwé náà, kí kóòlù wá jẹ́ ẹ̀fẹ́ orí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà níbẹ̀, a kò sì lè fo ó. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni àwọn agbébọn pa Olúkòrò, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú-Cole, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, nínú ààfin rẹ̀ ní Kòrò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ẹrúkù, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn lọ. Ẹni tó bá rò pé ojú irin bọ́ lọ́wọ́ èyí, kó rántí ibùdókọ̀ Ekehen ní ìpínlẹ̀ Edo, lórí ojú irin Itakpe sí Warri yìí kan náà, tí wọ́n ti kó èrò lọ ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ọkọ̀ ẹrù kò wu ajínigbé bí ọkọ̀ èrò, ìyẹn jẹ́ ìdí kan sí i tó fi yẹ kó jẹ́ pé ẹrù ni wọ́n máa kọ́kọ́ rò. Síbẹ̀, àwọn tó máa tẹ́ irin náà, inú igbó wa ni wọ́n máa sùn.

Àsìkò ìbò kì í pẹ́ dé. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ ṣe aṣòfin bá tún wá sí Àràrọ̀mí-Ọ̀pin tàbí Ìlọ́fà wá ṣe ìlérí ọ̀nà, ẹ bi wọ́n bóyá Kwara ti bá Kogi sọ ohunkóhun nípa ojú irin láti 2023, àti irú fífẹ̀ wo ni wọ́n ní lọ́kàn, 1,067 tàbí 1,435. Ẹni tó bá dáhùn èkejì láì ronú, ẹ bi í pé níbo ni wọ́n ti máa já ẹrù sílẹ̀ kó tó dé Ọ̀fà.